Kọ́kọ́rọ́ Àpótí Ìbọn Bàbá Marjut

                                        Ilé Karppinen,
                                        Petäjävaara,
                                        Kainuu, Finland.
                                        Ogúnjọ́ oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 2019.

Ẹ̀gbọ́n mi Raili, ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lẹ wà? Orúnkún yín ńkọ́? Ṣé dókítà ìlú Turku yẹn ti fún un ní abẹ́rẹ́ tó ṣèlérí, àbí ó ṣì ń sọ pé ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀? Kalervo ọmọ yín ńkọ́, àti ìyàwó rẹ̀ tí kì í jẹ ẹran? Ológbò yín náà ńkọ́? Àwa níbí, a dúpẹ́, a kò dùbúlẹ̀. Yìnyín àkọ́kọ́ bọ́ lọ́jọ́rú, ó sì ti yọ́. Mo rí òwú tí ẹ fi ránṣẹ́, ẹ ṣeun gan-an, àmọ́ ta ló sọ fún yín pé mo fẹ́ràn àwọ̀ yẹ́lò? Mo fi hun ìbọ̀sẹ̀ fún Bàbá Marjut. Ó ní mo sọ òun di ẹlẹ́sẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ, ó sì ń wọ̀ ọ́ lójoojúmọ́.

Mo mọ̀ pé ẹ ó ti gbọ́ nǹkan lẹ́nu ìyàwó Oiva, torí obìnrin yẹn kì í fi fóònù sílẹ̀. Ẹ ó ti gbọ́ pé àwọn ọdẹ jáde fún ìgalà ńlá ní Sátidé ọjọ́ kejìlá, àti pé fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mọ́kànlélógójì tí mo ti fẹ́ ẹ, Taisto, Bàbá Marjut, kò sí láàárín wọn. Bóyá wọ́n tiẹ̀ ti sọ fún yín pé ìyàwó rẹ̀ ló dè é mọ́lé. Ẹ má tíì dá sí i. Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́, nítorí mo fẹ́ bẹ̀ yín ní nǹkan kan, ẹ kò sì ní mọ ìdí ẹ̀bẹ̀ náà bí ẹ kò bá gbọ́ ọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ rántí pé nígbà Àjíǹde tí ẹ wá, ó pè yín ní orúkọ màmá wa lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ẹ̀tàn ni tèmi. Iyè rẹ̀ ti ń ra láti ọdún tó kọjá. Ó lè lọ wo àwọ̀n lódò, kó padà wálé, kó ní òun ò tíì lọ. Ó gbé ẹja sínú ààrò tòun ti bébà ìròyìn tí wọ́n fi dì í. Dókítà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní àrùn ìgbàgbé ni, pé iwájú ló ń lọ, kì í padà sẹ́yìn. Taisto fúnra rẹ̀, bí ẹ bá bi í, á ní ọjọ́ ogbó ló dé, á sì sọ ìtàn ìgalà tó pa lọ́dún 1986 fún yín láìfo gbólóhùn kan. Ìyẹn ló ń tan àwọn èèyàn jẹ.

Ohun tó ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan ní oṣù Èbìbí, ọ̀sán gangan, mo wà nídìí ọ̀dùnkún tí mò ń bó. Jarmo, ọkọ Marjut ọmọ wa, wa ọkọ̀ tuntun wọ inú ọgbà. Kò sọ tẹ́lẹ̀ pé òun ń bọ̀. Mo gbọ́ tí Taisto kọjá lẹ́yìn mi, ó tún padà kọjá, mi ò wojú rẹ̀. Ìgbà tí mo gbójú sókè, ó ti dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ìbọn ẹlẹ́nu méjì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wo ọmọ yẹn láti ojú fèrèsé bí ẹni tí kò rí i rí láyé. Ó ní, "Olè kan wà nínú ọgbà wa. Má sọ̀rọ̀." Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ mi. Mi ò mọ ẹni tó fi ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu. Mo ní, "Bàbá Marjut, kọfí ti wà nílẹ̀ o, á tutù." Ẹ mọ̀ ọ́n, kò tíì sẹ́ni tó pè é sídìí kọfí tí kò lọ. Ó gbé ìbọn lé orí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo ṣúgà, ó jókòó. Ọta méjì wà nínú rẹ̀. Jarmo wọlé, ó kí wa, ó ní, "Áà, ẹ̀ ń nu ìbọn ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. A sì jọ mu kọfí.

Ẹ ó ní kí ló dé tí n kò gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kí n gbà á níbo? Lẹ́yìn kọfí, ó kó ìbọn àti ọta padà sínú àpótí irin fúnra rẹ̀, ó tì í dáadáa, ó sì lọ fi kọ́kọ́rọ́ pamọ́. Iyè lè ra, ọwọ́ kò gbàgbé ohun tó ti ń ṣe bọ̀ láti ogójì ọdún. Ẹ mọ òfin wa. Ẹni tó ní ìwé àṣẹ ìbọn nìkan ló gbọ́dọ̀ mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà. Ìyàwó kò gbọdọ̀ mọ̀, ọmọ kò gbọdọ̀ mọ̀. Òfin dáadáa ni, mi ò bú u. Taisto tiẹ̀ le ju òfin lọ: bí yìnyín bá yọ́, á pààrọ̀ ibi ìpamọ́, bí adágún bá dì, á tún pààrọ̀ rẹ̀. Lọ́dún tí ọlọ́pàá wá yẹ àpótí náà wò, ó yà sí mi ní kíṣìnì, ó ní, "Màmá, níbo ni kọ́kọ́rọ́ wà?" Mo ní mi ò mọ̀. Ó mi orí, ó ní, "Ilé tó dára nìyí." Ẹ̀gbọ́n mi, mo fi ọ̀rọ̀ yẹn yangàn! Mo sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo sọ ọ́ fún gbogbo ìyàwó ọdẹ tó wà ní Petäjävaara. Àṣé iyì tí mo ń gbé kiri yẹn ló máa dè mí lọ́wọ́. Kò sí ẹnì kankan nínú wa tó rò ó pé ẹni kan ṣoṣo tó mọ̀ lè wá di ẹni tó ń gbàgbé.

Mo wá a o. Mo wá a bí olè nínú ilé ara mi nígbàkígbà tó bá lọ sódò. Mo tú bàtà rẹ̀, mo tú inú aago, mo ṣí gbogbo ojú ìwé orin, mo gbé òkúta ààrò sáúnà, ilé ooru tí a ti ń wẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan títí ẹ̀yìn fi ń ro mí. Mi ò rí nǹkan kan àyàfi eyín àtọwọ́dá bàbá rẹ̀, èyí tí a ti ń wá láti ọdún tí bàbá náà kú.

Nígbà tó di oṣù Ògún, mo jókòó sídìí òfì mi láti hun ẹní alákìísà. Mo ki ọwọ́ bọ agbọ̀n àkísà, mo sì kan irin. Kọ́kọ́rọ́ náà ni! Wọ́n wé e sínú àjákù ẹ̀wù ọdẹ rẹ̀ àtijọ́ kan, wọ́n so ó ní kókó mẹ́ta. Mo rò pé ìgbàgbé ló mú un jù ú síbẹ̀. Mo tì í bọ inú kọ́mú mi, mo sì ń hun ẹní lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan.

Ọjọ́ yẹn ni mo wọ ẹ̀wọ̀n. Iwájú ò ṣe é lọ, ẹ̀yìn ò ṣe é padà sí. Bí mo bá fún un, ó lè jẹ́ Jarmo ló máa kú, ó lè jẹ́ ẹni tó ń gbé lẹ́tà kiri, ó lè jẹ́ èmi. Bí mo bá pa á mọ́, èmi tí n kò ní ìwé àṣẹ kankan ti di arúfin. Bí mo bá sọ fún ọlọ́pàá, wọ́n á wá kó ìbọn ẹni tó kọ́ ìdajì abúlé yìí ní ìbọn yínyìn, lójú gbogbo ayé. Bí mo bá sọ fún Marjut, Jarmo á mọ̀ pé ikú ló dúró dè é lẹ́yìn ilẹ̀kùn lọ́jọ́ tó wá kí wa, kò sì ní mú àwọn ọmọ wá mọ́. Mo wá ń gbé irin mọ́ àyà tọ̀sán-tòru, títí ó fi fi àpá sí mi lára. Ó sọ mí di ẹni tí kì í wọ sáúnà. Èmi! Ẹ mọ̀ pé láti ìgbà ìgbéyàwó wa, ní Ọjọ́bọ̀ àti Sátidé, èmi àti òun la jọ ń jókòó nínú ooru yẹn. Níbo ni ẹni tó wà níhòòhò fẹ́ fi kọ́kọ́rọ́ sí? Mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni kò jẹ́. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tí mo fi ń wẹ̀ nínú báṣíà bí ọmọ tuntun.

Òun náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ní àràárọ̀, kó tó mu kọfí tán, á ní, "Terttu, kọ́kọ́rọ́ dà?"

"Mi ò mọ̀."

"O mọ̀."

"Ìgbà wo ni mo mọ̀ rí?"

Á ní mo ti di olè lọ́jọ́ ogbó mi. Á ní màmá òun ti kìlọ̀ fún òun nípa àwọn obìnrin ìdílé wa. Ẹ̀yin náà wà nínú ẹ̀ o. Màá rẹ́rìn-ín lójú rẹ̀, màá wá lọ sí ilé màlúù tó ti ṣófo, màá sunkún níbẹ̀. Ó dùn mí dé egungun. Ọkùnrin yìí kò purọ́ fún mi rí, èmi náà kò sì purọ́ fún un rí, bí a bá yọ ti ọjọ́ orí mi kúrò.

Ní ọjọ́ Ajé tó ṣáájú ìgbà ọdẹ, Oiva tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ ọdẹ wa yà wá kí wa. Taisto ti wọ ẹ̀wù ọdẹ aláwọ̀ ọsàn rẹ̀, ó jókòó nídìí tábìlì bí ọmọ tó ń retí ọdún. Oiva ní, "Àgbà ọdẹ, ibi tí o máa ń dúró lẹ́bàá irà yẹn ti wà nílẹ̀ dè ọ́ o. Ta ló tún tó bẹ́ẹ̀ láti dúró níbẹ̀?"

Taisto ní, "Ìyàwó mi ti gbé kọ́kọ́rọ́ àpótí ìbọn mì."

Oiva rẹ́rìn-ín títí kọfí fi dà sí i nírùngbọ̀n. "Ẹ̀n-ẹ́n! Kí ló wá le níbẹ̀? Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní ẹ̀rọ tó ń gé irin. Ní ọjọ́ Ẹtì, á gé ilẹ̀kùn àpótí yẹn bí ẹni ń gé wàràkàṣì."

Taisto pàtẹ́wọ́. Mo tún bu kọfí fún Oiva.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló dáná sáúnà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ ti tó gẹ́ẹ́. Wọlé." Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo bọ́ aṣọ, mo di kọ́kọ́rọ́ mọ́wọ́ lábẹ́ aṣọ ìfọra, mo gun orí àga, mo jókòó tì í. Ó bu omi sórí òkúta, ooru bò wá. Irin bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná lọ́wọ́ mi, mo dì í mọ́ra, omi ń jáde lójú mi. Ó tún bu omi sí i. Lẹ́yìn náà ló wò mí. Ẹ̀gbọ́n mi, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, ojú Taisto tí mo fẹ́ gan-an ni.

Ó ní, "Ṣí ọwọ́ rẹ, Terttu. Irin kì í ṣe ohun tí wọ́n ń mú wọ ibí. Á jó ẹ."

Mo ṣí i. Mo rò pé á já a gbà. Kò tiẹ̀ fọwọ́ kàn án.

"Láti oṣù Òkúdù ni mo ti fi í sínú agbọ̀n àkísà rẹ. Mo rò pé wàá hun ẹní kí wọ́n tó gé koríko. O lọ́ra, obìnrin yìí."

Ó ní, "Kọfí ọjọ́ yẹn, mo mu ún dé ìdajì kí n tó mọ ohun tí mo gbé sórí tábìlì. Jarmo! Ọmọ tó bá wa kan òrùlé, tí kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ wa. Òun ni mo fẹ́ yìnbọn fún."

Mo bi í pé kí ló wá dé tí kò sọ fún mi. Ó ní, "Òfin ní n kò gbọdọ̀ sọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà fún ẹnikẹ́ni. Mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìwọ lo rí i." Ó bú sẹ́rìn-ín, èmi náà bú sẹ́rìn-ín, àwa arúgbó méjì oníhòòhò. Lẹ́yìn náà ló di ọwọ́ mi pa lórí kọ́kọ́rọ́ náà. "Màá gbàgbé ohun tí mò ń sọ yìí. Kó tó di àárọ̀, màá ti gbàgbé. Bí mo bá bi ọ́, má fún mi. Bí mo bá bú ọ, má fún mi. Bí mo bá sunkún, Terttu, má fún mi." Mo ṣèlérí fún un. A jókòó síbẹ̀ títí òkúta fi tutù.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó jí, ó wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn, ó ń súfèé. Kò rántí nǹkan kan. Ó ní, "Kọ́kọ́rọ́ dà? Ó dáa, má dáhùn, wọ́n ń bọ̀ wá gé e." Kí Oiva tó kúrò nínú ọkọ̀ rẹ̀, mo ti pàdé rẹ̀ lọ́gbà. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ti Jarmo, ti agbọ̀n, ti inú sáúnà. Oiva bọ́ fìlà. Ó wá ní lọ́dún tó kọjá, nígbà tí òun ń jáde látinú igbó lẹ́bàá irà, Taisto na ìbọn sí òun, tòun ti ẹ̀wù ọdẹ aláwọ̀ ọsàn lọ́rùn òun, èyí tí wọ́n ń wọ̀ kí ọdẹ má bàa yìnbọn fún ọdẹ. Òun ju fìlà sókè, òun pè é lórúkọ, ìbọn sì wálẹ̀. Òun ò sọ fún ẹnikẹ́ni, kí wọ́n má bàa dójú ti àgbà ọdẹ. Inú bí mi! Mo ní, "Oiva, o mọ èyí, o sì fẹ́ gé àpótí fún un?" Ó ní, "Mo rò pé tí mo bá dúró tì í lọ́tẹ̀ yìí, kò ní sí nǹkan kan." Mo bú u dáadáa. Lẹ́yìn náà mo rántí pé èmi náà dákẹ́, mo sì fi í sílẹ̀.

Oiva ló pe àgọ́ ọlọ́pàá, mo sì bá wọn sọ̀rọ̀. Obìnrin kan ló dá mi lóhùn. Mo jẹ́wọ́ pé kọ́kọ́rọ́ wà lára mi láti oṣù Ògún. Kò jágbe mọ́ mi. Ó ní, ṣé mò ń rí oorun sùn? Ìyẹn ló mú mi sunkún. Ó ní kí Oiva, tó ní ìwé àṣẹ tirẹ̀, kó àwọn ìbọn àti ọta lọ sínú àpótí irin tirẹ̀ lọ́jọ́ náà, pé àwọn máa wá ṣètò ìwé tó kù ní wẹ́rẹ́. Ìyàwó Oiva gbé Taisto lọ wo àwọn ọmọ ajá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí nílé wọn. Nígbà náà, fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, èmi ni mo ki kọ́kọ́rọ́ bọ àpótí yẹn, tí mo yí i. Ìbọn mẹ́ta, páálí ọta mẹ́fà, òórùn òróró. Gbogbo rẹ̀ mọ́ tónítóní. Oiva fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò wọ́n sẹ́yìn ọkọ̀, mo sì ti àpótí òfìfo náà pa.

Ẹ ó ní ìdààmú ti tán. Kò tán. Ní Sátidé, nígbà tí ìró ìbọn àkọ́kọ́ dún láti ìhà irà, ó dìde, ó ní òun ti pẹ́. Mo mú un lọ́wọ́, mo sọ òtítọ́ fún un. Mo ní òun fúnra rẹ̀ ló bẹ̀ mí, mo ní ìbọn ti wà lọ́dọ̀ Oiva, kò ní padà wá mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi, ó sunkún bí ìgbà tí bàbá rẹ̀ kú. Ó jókòó sílẹ̀ nínú ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn yẹn, kò jẹun, kò mu kọfí, títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó jókòó sídìí tábìlì, ó ní, "Terttu, kọ́kọ́rọ́ dà?"

Mi ò ní sọ òtítọ́ yẹn fún un mọ́ láé. Kọ́kọ́rọ́ ṣì wà láyà mi. Kò sí òfin tó ní kí n má fún un mọ́, inú àpótí ti ṣófo. Ṣùgbọ́n bí mo bá fún un, á ṣí i, á rí i, ẹkún Sátidé á sì di ẹkún ojoojúmọ́. Nítorí náà, mo ní mi ò mọ̀. Ó ní olè ni mí. Inú á bí i fún wákàtí kan, á sì lọ wo àwọ̀n rẹ̀. Mo ti gbà bẹ́ẹ̀. Ó sàn kí n jẹ́ olè lójú rẹ̀.

Ẹ bá mi kí Kalervo, kí ẹ sì sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé bó bá wá nígbà ọdún Kérésì, màá se ọ̀dùnkún lásán fún un, kó má bẹ̀rù. Ẹ tọ́jú orúnkún yín.

Ẹ̀bẹ̀ mi nìyí. Ó ní òun fẹ́ pè yín lórí fóònù láti fẹjọ́ mi sùn, ó ti ń wá nọ́ńbà yín láti àárọ̀. Bó bá pè yín, tó ní mo jí kọ́kọ́rọ́ òun, ẹ má sọ òtítọ́ fún un, ẹ má sì gbèjà mi. Ẹ bá a bú mi. Ẹ bú mi kó dùn mọ́ ọn nínú.

Èmi ni àbúrò yín tó fẹ́ràn yín,

Terttu.